Sọ̀rọ̀ Sókè Títí Dé Kírìkírì

Ẹni tó bá ń lọ wo èèyàn rẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírìkírì l'Ékòó, Mile 2 ló ti lè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kẹ̀kẹ́ á máa yọ́ gba àárín táńkà epo àti tírélà, òórùn dísù á ti bá èrò dé inú ọ̀fun, títí ògiri gíga yóò fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Iwájú ògiri yẹn ni àwọn obìnrin máa ń tò sí, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Wọn á kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá á fi ṣíbí bù ú, á tọ́ ọ wò lójú wọ́dà kí ẹlẹ́wọ̀n tó fọwọ́ kàn án. Fóònù ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá géètì. Ìta ni alábẹ̀wò ń fi í sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé fóònù yẹn. Ìtàn tí mo fẹ́ pa yìí, ìtàn ohùn tó ń ti etí omi yìí lọ sókè òkun ni, àti ti ohùn tó ń ti òkè òkun padà wá bá wa kẹ́dùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, fóònù ni aráyé fi gbọ́ igbe wa lórí ìyà tí ọlọ́pàá fi ń jẹ ọmọ ènìyàn. Igbe náà dé London, ó dé Washington, ó dé Berlin. Ẹ̀yìn ògiri tó wà nítòsí Ajégúnlẹ̀ yìí ló pẹ́ jù kó tó dé.

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ yìí. Omi ni wọ́n ń bá ṣe, ẹja ni wọ́n ń pa, kí ìjọba amúnisìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté ńlá sí Àpápá ní àwọn ọdún 1920. Bí èbúté ṣe ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wá iṣẹ́ ń rọ́ wá láti ibi gbogbo: Ìlàjẹ, Ìjọ́, Urhobo, Ìgbò, Haúsá, àti Yorùbá láti ìlú tó jìnnà. Èbúté nílò agbára wọn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò ní yàrá fún wọn lálẹ́. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n lọ ń sùn. Orúkọ náà dùn létí, pé ajé ló gúnlẹ̀. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Àpápá ló gúnlẹ̀ sí. Òógùn ló ń wọ Ajégúnlẹ̀ wálé.

Ní 1955, nígbà tí òmìnira ku ọdún márùn-ún, àwọn amúnisìn kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí Kírìkírì. Ìjọba tiwa-n-tiwa àti ìjọba ológun kò wó o. Wọ́n fi kún un ni, títí ó fi di mẹ́ta: Mídíọ̀mù, Mázímọ́ọ̀mù, àti ti àwọn obìnrin. Èèyàn 1,700 ni wọ́n ní kí Mídíọ̀mù gbà, ṣùgbọ́n àìmọye ìgbà ni iye àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní 3,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì gbọ́ ìdájọ́, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń retí. Ní 2019, òfin yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ti àtúnṣe ìwà. Àwọn ará àdúgbò kò bá òfin lọ. Lẹ́nu ọmọ Èkó, wọ́n ti sọ ohun gbogbo tán bí wọ́n bá ní, “Wọ́n ti gbé e lọ Kírìkírì.”

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ọmọ Ajégúnlẹ̀ débẹ̀? Réèdì ni. Ó ti di ọjọ́ pípẹ́ tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ti máa ń ya wọ àdúgbò nírọ̀lẹ́, tí wọn á kó ẹni tó jókòó, ẹni tó dúró, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀sùn wo? Wọ́n ní wọ́n ń rìn gbéregbère. Ẹ̀sùn yẹn, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí wáńdárìn, òfin ti pa á rẹ́ láti 1989, ṣùgbọ́n réèdì kò gbọ́ pé òfin ti kú. Wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri tésàn pé béèlì ọ̀fẹ́ ni. Lábẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni mọ̀lẹ́bí á ti máa ṣa owó jọ. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pé á sun ilé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pé, adájọ́ á ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ ná, “ná” yẹn sì lè di ọdún mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọlọ́pàá ti ń lu ọmọ wa. Ní 1949, ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ David Olúwálé fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi Temple Bar ní Èkó. Ọkọ̀ ẹ̀pà ni, Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ. Bó ṣe gúnlẹ̀ ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọjọ́ 28, pé kò sanwó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó fìdí kalẹ̀ sí Leeds, ó ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ kò yá, wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó jáde, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn. Níbẹ̀ ni ọlọ́pàá méjì, Geoffrey Ellerker àti Kenneth Kitching, ti sọ ọ́ di eré alẹ́. Wọ́n á lù ú jí, wọ́n á lé e jáde ní ìlú. Nínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí, èébú tí òyìnbó ń bú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 1969, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Wọ́n sin ín bí ẹni tí kò ní èèyàn. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá ni kò jẹ́ kó parí. Ó gbọ́ tí àwọn ọ̀gá ń fi Olúwálé ṣe yẹ̀yẹ́ ní tésàn, ó lọ sọ fún àwọn tó lè wádìí. Ní 1971, ilé ẹjọ́ kò dá àwọn méjèèjì lẹ́bi ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá wọn lẹ́bi lílù tí wọ́n lù ú. Ellerker gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, Kitching gba oṣù 27. Láti ìgbà náà, àwọn ará Leeds, dúdú àti funfun, ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ Èkó tó wọ ọkọ̀ ẹ̀pà. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n gbé àmì ìrántí rẹ̀ kọ́ sórí afárá Leeds. Kò pé ọjọ́ kan tí wọ́n fi jí i gbé. Àwọn ará ìlú tún gbé òmíràn síbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ pa ìtàn Olúwálé kí ó lè hàn pé ọ̀rọ̀ “ẹ bá wa gbé e” yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí àánú tó lè rìn lórí omi, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dá orúkọ olóògbé mọ̀, kí ó sì béèrè pé ta ló ṣe é.

Orúkọ kan wà tí gbogbo ayé mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1984, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ń kó ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ lọ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Owó pọ́n-ùn 1,600 ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò kéde rẹ̀. Ẹni tí àwọn sójà ti jó ilé rẹ̀ ní 1977, tí wọ́n sọ ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ìjọba ológun rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Lákòókò náà, Kírìkírì kún fún àwọn olóṣèlú tí ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn kó. Alex Ekwueme tó jẹ́ igbákejì ààrẹ tẹ́lẹ̀ wà lára wọn. Fẹlá ní tirẹ̀ ń ti ẹ̀wọ̀n dé ẹ̀wọ̀n, títí dé Maiduguri àti Benin. Àjọ Amnesty International ní ẹlẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀rí ọkàn ni. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń jà fún un lókè òkun. Ní oṣù kẹrin 1986, ìjọba Babangida tú u sílẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n má ti jà fún Fẹlá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ: lẹ́tà tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń kọ nítorí ẹlẹ́wọ̀n ń fẹ́ orúkọ tí yóò wà lókè rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kó ní réèdì Ajégúnlẹ̀ ní ọdún kan náà, ta ni yóò kọ lẹ́tà fún un, nígbà tó jẹ́ pé fáìlì rẹ̀ pàápàá ti sọnù? Àlàfo yìí ni Olisa Agbakoba àti Clement Nwankwo rí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Civil Liberties Organisation sílẹ̀ ní 1987. Àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wò, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé: kí lorúkọ rẹ? Ọjọ́ wo lo dé? Ní 1991 wọ́n tẹ ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n rí.

Ọdún kan lẹ́yìn ìwé yẹn, ní 1992, Simeon Danladi Midenda dá ẹ̀ka ọlọ́pàá kan sílẹ̀ ní Èkó láti kojú adigunjalè. SARS ni wọ́n pè é. Ọlọ́pàá 15 péré ni, ọkọ̀ méjì tí kò ní àmì. Wọn kì í wọ aṣọ iṣẹ́, kí olè má baà dá wọn mọ̀. Ohun tí a fi dẹkùn fún olè ló padà wá di ìṣòro ọmọlúàbí, torí ará ìlú náà kò lè dá wọn mọ̀ mọ́. Bí ọ̀dọ́ bá ní irun dídì, bó bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká, bí fóònù rẹ̀ bá dára, wọ́n á ní ọmọ Yahoo ni, oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní kó ṣí fóònù, wọ́n á ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á wọ́ ọ lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Láti 2017 ni àwọn ènìyàn bíi Ṣẹ́gun Awóṣànyà ti ń pariwo lórí Twitter pé kí ìjọba fòpin sí SARS.

Ní oṣù karùn-ún 2020, ọlọ́pàá Minneapolis fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn títí ó fi kú. Ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn náà, ìbọn ọlọ́pàá pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan ní Ìyànà Oworo l'Ékòó. Àwọn ọ̀dọ́ wa rí i pé òyìnbó àti dúdú ń tú jáde kárí ayé nítorí Floyd. Ìbéèrè tó sọ sí wọn lọ́kàn kò ṣòro: àwa ńkọ́?

Fídíò kan lórí ìwà SARS láti Ughelli ní oṣù kẹwàá ló tanná ran igbó gbígbẹ. Láti ọjọ́ 8, àwọn ọ̀dọ́ Èkó sun ojú títì ní Alausa. Ọjọ́ kẹta sí i, Mohammed Adamu, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, kéde pé òun ti tú SARS ká. Kò pé ọjọ́ méjì, ó dá SWAT sílẹ̀. Wọ́n kàn pààrọ̀ aṣọ fún egúngún ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, àwọn ọ̀dọ́ sì dá a mọ̀.

Yorùbá ló fún ìjà náà ní igbe rẹ̀: “Sọ̀rọ̀ sókè!” Ọmọ Ìgbò ń ké e, ọmọ Tiv ń ké e, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá kankan ń ké e. Ní ọjọ́ 11, àwọn ọmọ wa kóra jọ síwájú ilé aṣojú Nàìjíríà ní London, Wizkid wà láàárín wọn. John Boyega, tí àwọn òbí Yorùbá bí sí Peckham, tó ti fi omijé sọ̀rọ̀ ní Hyde Park nítorí Floyd, tún gbé ọ̀rọ̀ ti ilé. Ìwọ́de wáyé ní New York, Toronto, Berlin, Dublin. Beyoncé àti Rihanna fọhùn. Twitter ya ìkúùkù tó ní àwọ̀ àsíá Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan, Feminist Coalition, tí Dámilọ́lá Odùfúwà àti Ọdúnayọ̀ Ẹ̀wẹ̀níyì kó jọ, gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà láti ilé àti lókè òkun. Nígbà tí ọ̀nà báńkì dí mọ́ wọn, wọ́n gba bitcoin, Jack Dorsey tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Twitter nígbà náà sì bá wọn polongo. Owó náà san owó ilé ìwòsàn, ó ra oúnjẹ, ó gbé agbẹjọ́rò lọ sí tésàn.

Láàárín gbogbo ohùn wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa. Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ń gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United nígbà náà. Orí pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ tó le bí àpáta, tí eruku rẹ̀ kì í gba ọṣẹ. Ó ti sọ fún àwọn oníròyìn rí pé bí ọlọ́pàá bá ya wá lé àwọn tó ń ta igbó nítòsí, eré á dúró, àwọn á wá ibi sá sí. Ọmọ réèdì nìyẹn, tó bọ́ lọ́wọ́ réèdì. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, ó dúró síwájú fóònù rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Ó ní òun kì í sọ̀rọ̀ ìṣèlú, ṣùgbọ́n òun kò lè panu mọ́ mọ́, ojú ìjọba yìí ń ti òun. Ó ké sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn olórí ayé pé kí wọ́n wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà, gómìnà Sanwó-Olú kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn sójà yìnbọn sí àwọn tó jókòó pẹ̀lú àsíá ní tóò-géètì Lẹ́kì. DJ Switch, tó wà láàárín wọn, tan fóònù rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Joe Biden ti sọ̀rọ̀. Antonio Guterres ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Moussa Faki Mahamat ti Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà dá sí i.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, iná ni. Tésàn Òrílé jó, ti Amúkokò jó, ti Láyẹní ní Ajégúnlẹ̀ náà jó. Ìbọn dún níbí náà, ènìyàn ṣubú. Ṣùgbọ́n kò sí DJ Switch ní Láyẹní. Kò sí ẹni tó tan fóònù tí aráyé ń wò. Lẹ́kì ní orúkọ nínú ìròyìn ayé. Ajégúnlẹ̀ wà nínú “àti àwọn ibòmíràn”. Ó di oṣù keje 2023 kí a tó gbọ́. Ìwé ìjọba kan jáde síta, tó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 61 náírà àti díẹ̀ fún sísin òkú 103 papọ̀. Ìjọba Èkó ní kì í ṣe òkú Lẹ́kì. Wọ́n ka àwọn ibi tí wọ́n ti kó wọn: Fágbà, Kétu, Ìkòròdú, Òrílé, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbèjà ara wọn ló jẹ́ ká mọ̀ pé Ajégúnlẹ̀ wà níbẹ̀.

Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè wí fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yìí ló dára jù láti fi ṣàlàyé ìdí tí ará Leeds tàbí ará Atlanta fi yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan: ta ló bá ará ilé wá kòkòrò náà? Kate Osamor, tó jẹ́ aṣòfin Edmonton nígbà náà, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló béèrè rẹ̀ ní ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba wọn kọ́kọ́ ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, mínísítà James Cleverly kọ ìwé pé lóòótọ́, láàárín 2016 àti 2020, àwọn ètò tí owó Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ti kọ́ àwọn ọlọ́pàá SARS níṣẹ́, wọ́n sì ti fún wọn ní irinṣẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, nítorí pé àwọn tó lé ní 200,000 ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ilé aṣòfin wọn jókòó lórí fífi ìyà jẹ àwọn tó ṣe é. Ìjọba kò sọ bóyá òun á ṣe é tàbí òun ò ní ṣe é. Lójú tèmi, ìbéèrè Osamor ló wúlò jù nínú gbogbo ariwo ọdún yẹn. Àwọn yòókù ní kí Nàìjíríà dáwọ́ dúró. Òun ní kí àwọn ará ilé tirẹ̀ wo ọwọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Doris Òkúwobí darí fún ìjọba Èkó ní ìròyìn ní oṣù kọkànlá 2021, ó sì pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kì ní ìpakúpa. Ìjọba kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ DJ Switch àti àwọn obìnrin méjì mìíràn lójú, kí ìjọba san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta yìí ní orúkọ, wọ́n ní ẹ̀rí, wọ́n ní agbẹjọ́rò.

Àwọn tí kò ní ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá 2023, nígbà tí ọdún pé mẹ́ta, Amnesty International kéde pé ó kéré tán àwọn 15 tí wọ́n kó nígbà ìwọ́de náà ṣì wà ní àtìmọ́lé, ní Kírìkírì àti ní Ìkòyí, pé wọ́n sì ti dá ọ̀pọ̀ nínú wọn lóró. Ìkúùkù aláwọ̀ ewé ti kúrò lórí Twitter. Twitter gan-an ti di X. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ náà ṣì ń retí ọjọ́ tí adájọ́ yóò jókòó.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá bá pé, àwọn ọ̀dọ́ máa ń lọ sí Lẹ́kì láti rántí. Ní 2021, afẹ́fẹ́ tajútajú ni ọlọ́pàá fi kí wọn káàbọ̀. Ó dára kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n tóò-géètì ni Lẹ́kì, èrò ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Géètì mìíràn wà tí èrò kì í kọjá, wọ́dà ló dúró sí ẹnu rẹ̀, òun náà sì yẹ ní ibi tí a ó máa pàdé lọ́dọọdún.

Bí àkókò àbẹ̀wò bá pé ní Kírìkírì, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó tò síwájú ògiri á gbé kúlà tó ti ṣófo jáde. Kò lè ya fọ́tò. Kò gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Orí ló fi gba gbogbo rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, orúkọ ọmọ rẹ̀, àti orúkọ ọmọ kan tó wà ní sẹ́ẹ̀lì kan náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá wò. Ó ń pè é lábẹ́ ahọ́n kó má baà gbàgbé, títí yóò fi gba fóònù rẹ̀ padà.